"Mo Ti San Án" àti "Kò Tíì Wọlé": Níbo Ni Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ti Já?

 

Ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ní ìsọ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n mọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ayédèrú owó. Ọ̀rọ̀ "mo ti san án" àti "kò tíì wọlé" ni. Oníbàárà á gbé fóònù rẹ̀ sókè, á ní, "Màmá, ẹ wò ó, ó ti lọ." Ìyá ọlọ́jà náà á gbé tirẹ̀: "Ọmọ mi, èmi ò rí nǹkan kan o." Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ẹ̀rọ tó wà láàrin wọn ni kò sọ̀rọ̀.

Bí ilẹ̀ bá tún ṣú, wàhálà kejì á dé. Ẹni tó ní ẹ̀rọ P.O.S. á tẹ̀ ẹ́ pé kó gbé rípọ́ọ̀tù ọjọ́ náà jáde. Ẹlòmíràn, ọmọ rẹ̀ ti bá a fi áàpù sínú fóònù tó ń ṣírò ohun tó tà, èrè tó jẹ àti ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ó dára púpọ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n rípọ́ọ̀tù á ní owó báyìí, báǹkì á ní owó báyìí, ìwé tí a fi bírò kọ á ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ta ni ká gbà gbọ́? Ọ̀pọ̀ yín ló ti bi mí ní ìpàdé, ìdí nìyí tí mo fi lọ jókòó ti àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí mo sì kọ ọ́ síbí bí ó ti yé mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí owó ń gbà. Tiransífà tí à ń ṣe láti báǹkì kan sí òmíràn, tó ń dé lójú ẹsẹ̀, ọdún 2011 ló bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní NIBSS, tí Báǹkì Àpapọ̀ àtàwọn báǹkì yòókù jọ dá sílẹ̀ ní 1993, ló wà ní àárín tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ báǹkì kan fún báǹkì kejì. Nítorí náà, bí oníbàárà bá tẹ fóònù rẹ̀ níwájú yín, ọ̀rọ̀ náà á kúrò nínú fóònù, á gun òpó ilé iṣẹ́ fóònù, á dé báǹkì rẹ̀, báǹkì rẹ̀ á fi ránṣẹ́ sí NIBSS, NIBSS á kan ilẹ̀kùn báǹkì tiyín, báǹkì tiyín á fi owó sínú àkáǹtì. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni báǹkì á wá kọ álẹ̀ẹ̀tì sí yín, álẹ̀ẹ̀tì náà á sì tún gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù kọjá kó tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ ṣàkíyèsí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Álẹ̀ẹ̀tì kì í ṣe owó. Létà lásán ni, tó ń sọ pé owó dé. Owó lè ti wà nínú àkáǹtì láti aago mẹ́wàá kí létà tó dé ní aago méjì. Létà sì lè dé láìsí owó kankan nídìí rẹ̀, nítorí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fúnra wọn. Àwòrán tí oníbàárà bá fi hàn lójú fóònù tirẹ̀, ìyẹn tún burú jù, nítorí pé kò gba ọ̀dọ̀ báǹkì yín kọjá rárá. Báláǹsì nìkan ni ẹ̀rí. Bí dátà bá ti tán, ẹ tẹ nọ́ńbà báǹkì yín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ tó sì parí pẹ̀lú àmì géètì yẹn. Ìyẹn ò nílò dátà, kódà fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ń ṣe é. Wọ́n ń gé owó díẹ̀ lé e lórí, ṣùgbọ́n owó díẹ̀ sàn ju àpò ìrẹsì lọ.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹ bá rán ọmọ láti Ìwó Road lọ jẹ́ iṣẹ́ kan ní Challenge, ọmọ náà lè dé ibẹ̀ kó jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá ká a mọ́ ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ ò rí ọmọ, ẹ rò pé kò dé ibẹ̀. Ẹ wá rán ọmọ kejì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ti di méjì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiransífà tó bá kọ "ó kùnà" tàbí "ó ń lọ lọ́wọ́" sójú fóònù. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti jẹ́, ìdáhùn ló sọnù lọ́nà. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí á máa pariwo mọ́ oníbàárà pé "tún un ṣe, tún un ṣe!" Kí ó kọ́kọ́ wo báláǹsì tirẹ̀. Bí owó bá ti kúrò níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ tún un ṣe, kí á jọ dúró ni. Bí owó kò bá kúrò, ó lè rọra dúró díẹ̀, kó tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tó tún un fi ránṣẹ́.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ìlà kan ní ọ̀dọ̀ wa níbí, n kò ní dárúkọ. Ìyàwó ilé kan ra ọjà ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínlógún náírà, ó ṣe tiransífà, kò dé. Wọ́n di àpò rẹ̀ mú, wọ́n gba fóònù rẹ̀, àwọn ọmọ ìta ti ń pé jọ, wọ́n ń pè é ní gbájúẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, owó náà wọlé péré. Ó kó ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú. Láti ọjọ́ náà, kò yà sí ìlà yẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń rà á níbẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn àṣà kí á máa gba fóònù lọ́wọ́ oníbàárà. Bí owó kò bá dé, ẹ di ẹrù náà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, ẹ gbé e sí ẹ̀yìn ìsọ̀, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Ẹrù kì í sá lọ.

Ó kù ká wo bí a ṣe máa mọ ibi tí ọ̀nà ti já. Ẹni tó kọ́kọ́ yẹ kí ẹ bi léèrè ni aládùúgbò yín. Ẹ bi ará ìsọ̀ kejì pé, "Ṣé tìrẹ ń lọ?" Bí tirẹ̀ bá ń lọ, tí ó sì jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni ẹ jọ ń lò, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ wà: bóyá dátà ti tán, bóyá owó tí ẹ fi rà á ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, bóyá ọmọ ti fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ya ọkọ̀ òfúrufú kékeré sí lójú fóònù. Bí gbogbo ìlà bá dákẹ́ pọ̀, òpó ni. Ní ìrọ̀lẹ́ pàápàá, nígbà tí àwọn èrò Ifẹ̀, ti Ìwó, ti Èkó bá kún inú gáréèjì, tí gbogbo wọn ń pe fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, òpó kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn rọ̀ mọ́, ó sì di dandan kó máa falẹ̀. Bí WhatsApp bá ń lọ, tó jẹ́ pé áàpù báǹkì nìkan ni kò ṣí, báǹkì ni ẹ wò. Tó bá jẹ́ pé oníbàárà báǹkì kan ṣoṣo ni kò lè san, tí ti àwọn yòókù ń lọ, báǹkì tirẹ̀ ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

Èyí tó ya èmi gan-an lẹ́nu ni ti ọjọ́ àti aago. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ bá kú pátápátá nígbà mìíràn, tí ó bá tún tàn, ọjọ́ inú rẹ̀ lè ti yí padà. Fóònù á máa sọ pé ọdún 2015 ni a wà. Nígbà tí áàpù báǹkì bá fẹ́ wọlé, ó máa ń yẹ ìwé ẹ̀rí kan wò, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Bí ọjọ́ inú fóònù kò bá bá a mu, kò ní gbà yín wọlé. Ẹ ó máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ tún aago ṣe, ó parí.

Ti ẹ̀rọ P.O.S. tún ní èdè tirẹ̀. Síìmù wà nínú rẹ̀ bíi ti fóònù, síìmù náà sì lè ṣàìrí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìsọ̀ tí wọ́n fi páànù bò yíká. Ẹ gbé e jáde síta díẹ̀ ná, kí ẹ tó pe ẹni tó fún yín. Bí ó bá kọ̀, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ tún un tàn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì síìmù rẹ̀ kò bá dára ní ìlà yín, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fún yín kó pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wo nọ́ńbà tó kọ sójú ẹ̀rọ, ẹ má kàn sọ pé "ó ti kọ̀". Nọ́ńbà 51 túmọ̀ sí pé owó inú àkáǹtì kò tó. Kò kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì. 55, nọ́ńbà àṣírí tí ó tẹ̀ kò tọ̀nà. 54, káàdì ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. 91 ló jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an: báǹkì tó ni káàdì, tàbí ẹni tó wà láàrin, kò dáhùn. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí ìyẹn ju kí ẹ dúró tàbí kí ẹ lo káàdì báǹkì mìíràn. Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù jù ni 68, nítorí òun ló ń sọ pé ìdáhùn pẹ́ kó tó dé. Ọmọ tí a rán lọ sí Challenge nìyẹn. Wọ́n lè ti yọ owó náà. Ẹ má fa káàdì náà lẹ́ẹ̀kejì títí ẹ ó fi mọ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ní Ìbàdàn níbí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ọ̀pọ̀ báǹkì dákẹ́ lójijì. Àwọn èèyàn ń yọ síìmù, wọ́n ń fi aṣọ nù ún, wọ́n ń tún un fi sí i. Inú òkun ni ọ̀ràn wà! Wáyà ńlá mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìtòsí Àbíján lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. MainOne yìí, láti ilẹ̀ Pọtogí ló ti nà wá sí Èkó. Ó kan Gánà, ó kan Bẹ̀nẹ̀, ó kan Làìbéríà, ó kan àwa náà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ hú irú wáyà bẹ́ẹ̀ sókè láti tún un so, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló sì gbà. Ní ìparí ọdún 2024 kan náà, àwọn báǹkì ńlá kan pààrọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣírò owó oníbàárà, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì lè rí àkáǹtì wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Ká má tilẹ̀ sọ ti oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú, tí gbogbo Nàìjíríà rọ́ lọ sórí tiransífà lẹ́ẹ̀kan náà, tí tòmátò ń jẹrà lórí igbá nítorí pé ẹni tó fẹ́ rà á kò rí ọ̀nà san owó. Ẹ ò tíì gbàgbé, mo mọ̀.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn olè máa ń pe fóònù. "Màmá, láti báǹkì ni, a fẹ́ bá yín tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ṣe, ẹ ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù yín fún wa." Ẹ má kà á. Báǹkì ò ní bi yín ní nọ́ńbà yẹn láéláé.

Mo fẹ́ fi ara balẹ̀ sọ ti rípọ́ọ̀tù inú áàpù, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, áàpù kì í pariwo. Ó máa ń fi ohun tó mọ̀ kẹ́yìn hàn yín, bí ẹni pé tòní ni. Ẹ ó ṣí i ní aago méje alẹ́, ẹ ó rí iye owó tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ò ní mọ̀ pé ti aago mọ́kànlá àárọ̀ ni. Lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ aago tó gbọ́ ìròyìn kẹ́yìn, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi hàn yín. Bí aago yẹn kò bá jẹ́ ti ìsinsìnyí, ẹ má ka owó kankan níbẹ̀. Òmíràn tún ni pé ohun tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, inú fóònù yẹn nìkan ló wà títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Bí ọmọ yín bá wà ní ìsọ̀ kejì pẹ̀lú fóònù tirẹ̀, tí òun náà kọ ọjà kan náà sílẹ̀, nígbà tí méjèèjì bá pàdé, ọjà kan á di méjì. Ẹ̀yin á rò pé ẹ ti jèrè. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa kọ ọ́. Ẹ sì gba nọ́ńbà àṣírí áàpù náà lọ́wọ́ ọmọ tó fi í sí i fún yín, kó má lọ́kọ lọ kó sì gbé ọjà yín lọ́wọ́.

Báwo la ṣe máa bá wọn ṣírò pọ̀? Ẹ rántí káàdì alájọ. Alájọ á fa ìlà sínú ìwé tirẹ̀, á fa ìlà sínú káàdì tiwa. Bí oṣù bá parí tí kò dọ́gba, a kì í jà lórí àpapọ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan la máa ń wò títí a ó fi bá ọjọ́ tí wọ́n fò. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣe é, kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni. Ìwé yín sọ pé ẹ tà ₦186,500: ₦74,000 jẹ́ owó ọwọ́, ₦62,500 jẹ́ tiransífà, ₦50,000 jẹ́ P.O.S. Èyí tó yẹ kó wà ní báǹkì jẹ́ ₦112,500. Ẹ wo báǹkì, ẹ rí ₦100,250. Ó dín ₦12,250. Kí ẹ tó pe ọmọ ìsọ̀ ní olè, ẹ yọ owó iṣẹ́ kúrò ná. Bí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá ń gé ààbọ̀ náírà nínú ọgọ́rùn-ún, ti ₦50,000 jẹ́ ₦250. Ó ku ₦12,000 géérégé. Owó géérégé bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ owó iṣẹ́, ẹni kan ló rà á. Ẹ wo ìwé: ta ló ra ọjà ₦12,000, aago mélòó? Owó kan ṣoṣo yẹn ni ẹ ó máa wá, kì í ṣe gbogbo ọjọ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé owó P.O.S. mìíràn kì í wọlé lọ́jọ́ náà, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń san án. Ohun tí rípọ́ọ̀tù ẹ̀rọ ka fún òní, báǹkì lè kà á fún ọ̀la. Ọjọ́ Jímọ̀ sí ọjọ́ Ajé ló máa ń rú èèyàn lójú jù. Fún ọdún púpọ̀ pẹ̀lú, wọ́n ń gé ₦50 lára tiransífà tó bá wọlé tó tó ₦10,000 sókè, ẹni tó bá ń ṣírò àkáǹtì àtijọ́ á rí i níbẹ̀.

Bí owó bá sọnù lóòótọ́, ẹnu nìkan kò ní gbà á padà ní báǹkì. Nọ́ńbà ni wọ́n máa béèrè. Tiransífà ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Session ID, ọgbọ̀n nọ́ńbà ló gùn, ó wà lórí rìsíìtì inú fóònù ẹni tó fi owó ránṣẹ́. Òun ni kí ẹ sọ fún oníbàárà kó fi ránṣẹ́ sí yín. Ti P.O.S. ni RRN, nọ́ńbà méjìlá, ó wà lórí bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Bébà yẹn, ooru ni wọ́n fi ń kọ ọ́, òòrùn sì ń pa á rẹ́. Ẹ má fi há ara páànù. Ẹ fi bírò da nọ́ńbà náà kọ sínú ìwé lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ọjọ́, aago, iye owó, orúkọ báǹkì àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tó san án.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé owó tí P.O.S. tàbí íntánẹ́ẹ̀tì bá yọ láìṣiṣẹ́, kí wọ́n dá a padà láàrin wákàtí 72. Ti ẹ̀rọ ATM báǹkì mìíràn, wákàtí 48. Ti ATM báǹkì ẹni fúnra rẹ̀, lójú ẹsẹ̀, bí ẹ̀rọ ò bá sì lè ṣe é, láàrin wákàtí 24. Ẹni tó bá lọ sí báǹkì pẹ̀lú ọjọ́, aago àti nọ́ńbà lọ́wọ́, wọ́n kì í lè sọ fún un pé kó lọ kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, kí wọ́n sì fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn náà kí ẹ tó dìde.

Mo ti fa ìlà sínú ìwé kan bí ó ṣe yẹ kó rí: ọjọ́, aago, orúkọ, iye owó, báǹkì, nọ́ńbà, àti àlàfo kan fún "ó ti wọlé". Ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó fi ya tirẹ̀, kó wá bá mi ní ìsọ̀. Ìwé ọmọ ilé ìwé lásán ti tó, kó sáà máa ní bírò tó ń kọ.